Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta odò fún ẹni tó fẹ́ẹ́ bu omi mu

   

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, inú ilé tèmi gan-an ló ti ṣẹlẹ̀. Mi ò fẹ́ẹ́ fi pamọ́, torí ẹni tó bá já sí kòtò tí kò kìlọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ìkà èèyàn ni. Ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ni. Kì í ṣe èyí tá a ń ra dátà ẹ̀ sórí fóònù o, èyí tí wọ́n ń fa wáyà ẹ̀ wọnú ilé ni, tí wọ́n ń pè ní fáíbà.

Lọ́dún tó kọjá ni àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan gbẹ́ ilẹ̀ àdúgbò wa nílùú Èkó níbí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ri wáyà mọ́lẹ̀, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ lé e bó ṣe wù wọ́n, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó de táì kan ilẹ̀kùn wa láàárọ̀ Sátidé. Ọmọ tó mọ̀wé, tó tún lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ń pe ìyàwó mi ní Mọ́mì. Ó mú ìwé pélébé kan jáde, ìpele mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Èyí tó kéré jù ń sáré dé 20 Mbps, èyí tó tẹ̀ lé e dé 50, ìkẹta dé 200, èyí tó ga jù sì dé 1,000, tí wọ́n tún ń pè ní gìgá kan.

Mo bi í pé, "Ọmọ mi, èwo ló dáa fún ilé bíi tiwa?" Ó wo mọ́tò mi tó wà níta, ó wo tẹlifíṣàn tó wà lára ògiri, ó ní, "Dádì, èèyàn bíi tiyín, ẹ ò gbọdọ̀ lo ohun tó bá kéré sí gìgá kan. Òun náà ni lánlọ́ọ̀dù ilé kejì gbà."

Ẹ ò rí nǹkan! Bó ṣe dárúkọ lánlọ́ọ̀dù ilé kejì yẹn, ó ti rí mi mú. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká fi kékeré bẹ̀rẹ̀ ná. Owó ilé ẹ̀kọ́ Ìdòwú ṣì wà nílẹ̀ o." Mo ní kó fi mí sílẹ̀, pé èmi ni ọkọ. Mo sanwó oṣù mẹ́ta papọ̀ lójú ẹsẹ̀, inú mi ń dùn. Nígbà tí mo bá ń kọjá níwájú ilé kejì, àyà mi a tún yọ síta díẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Táyé, ọmọbìnrin inú àwọn ìbejì mi, ti parí ìsìnrú ìlú, ó sì ti jókòó sílé fún oṣù mẹ́jọ láìríṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, iléeṣẹ́ kan nílùú Àbújá kọ̀wé sí i pé àwọn fẹ́ẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, orí fídíò ni wọ́n sì ti máa ṣe é, aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdeè. Ìyá ẹ̀ gbààwẹ̀. Táyé lọ aṣọ ẹ̀ láti alẹ́, ó lọ jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ariwo ò ti ní í dé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ò tíì pé tí àwòrán àwọn ọ̀gá yẹn dúró gbagidi. Ohùn wọn wá ń dún bí ohùn ẹni tó bọ́ sí kànga. Mo gbọ́ tí ọmọ mi ń sọ pé, "Ẹ má bínú sà, mi ò gbọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un sọ." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó máa fi dẹ́ẹ̀kẹrin, mo ti gbọ́ ẹkún lára ohùn ẹ̀.

Mo sáré wọlé, mo ní, "Báwo ló ṣe máa dúró? Gìgá kan là ń san!" Ẹnu mi ò tíì padé tí nẹ́pà fi múná lọ. Gbogbo iná ara ráútà kú fin-ín. Kí n tó ta jẹnẹrétọ̀, kí ráútà tó jí padà, kó tó ríran, ìṣẹ́jú méje ti lọ. Ohun tí Táyé ṣe ni pé ó gba fóònù ìyá ẹ̀, dátà tí ìyẹn rà sórí ẹ̀ ló sì fi bá àwọn ará Àbújá parí ọ̀rọ̀. Nínú ilé tí wọ́n ti ń sanwó 1,000 Mbps o! Ìyá Ìbejì ò bá mi sọ nǹkan kan. Ó kàn wò mí ni. Ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì ń rí i dòní.

Àwọn ará Àbújá ò pe Táyé padà. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé torí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ni, ṣùgbọ́n mi ò lè búra pé kì í ṣe òun náà. Ohun tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Mo ranṣẹ́ pè é. Ó gbé fóònù ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, ó wọn ìsáré ẹ̀, fóònù kọ 430. Ó rìn lọ sí yàrá ẹ̀yìn níbi tí Táyé jókòó sí, ó tún un wọ̀n, ó di 6. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dádì, ta ló gbé ráútà sórí wọ́dúróòbù nínú yàrá yín?" Èmi ni. Mo ní kí olè má baà gbé e. Ògiri mẹ́ta ló wà láàárín ráútà àti ibi tí ọmọ mi jókòó sí, wọ́dúróòbù tó ní dígí gbàgàdà lára tún wà níbẹ̀.

Ó wá là mí lóye pé ìsáré tí iléeṣẹ́ ń tà fún mi, ẹnu ráútà ló parí sí. Láti ibẹ̀ lọ, inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà. Oríṣi ìgbì méjì ni ọ̀pọ̀ ráútà òde òní ń lò, 2.4 GHz àti 5 GHz. Èyí tó jẹ́ 5 yára, àmọ́ ògiri bíríkì kì í jẹ́ kó kọjá dáadáa. Èyí tó jẹ́ 2.4 ń gba inú ògiri kọjá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yára tó èkejì, ráútà àwọn aládùúgbò sì tún máa ń dà á láàmú. Ká sọ pé mo tiẹ̀ ra 5,000, ohun tó máa dé yàrá ẹ̀yìn kò ní í yàtọ̀. Ó wá dà bí ẹni tó ra táńkì omi ńlá sórí ilé, tí páìpù tó wọ ilé ìwẹ̀ ò ju ọmọ ìka lọ.

Kí ni Mbps tí wọ́n ń pariwo yìí gan-an? Iye mílíọ̀nù bíìtì tó ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan. Dátà orí fóònù wa, báìtì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìsáré fáíbà, bíìtì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ 100 Mbps, ohun tó ń wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, MB méjìlá ààbọ̀ ni, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni èyí ti rú lójú.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò ohun tí ilé kan ń lò. Netflix fúnra wọn, tí wọ́n ń ta fíìmù, sọ pé 3 Mbps ló tó láti wo fíìmù tó mọ́ lójú níwọ̀nba, pé 5 tó fún èyí tó mọ́ dáadáa, àti pé 15 ló tó fún èyí tí wọ́n ń pè ní 4K, tó mọ́ kedere lójú tẹlifíṣàn ńlá. Ìpàdé orí Zoom tí èèyàn púpọ̀ wà níbẹ̀, tí àwòrán ẹ̀ sì mọ́ dé góńgó, kò ju nǹkan bíi 4 lọ. Ìpè WhatsApp lásán kò tó 1.

Ní báyìí, ẹ wá sílé mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday. Èmi ń wo bọ́ọ̀lù nínú pálọ̀, ẹ fún mi ní 5. Ìyàwó mi wà lórí Zoom pẹ̀lú ẹgbẹ́ aláàdúrà ẹ̀, ẹ fún un ní 4. Táyé ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí kọ̀ǹpútà, 5. Kẹ́yìndé ń wo àwọn aláwàdà ẹ̀ lórí YouTube, 5. Ìdòwú ń ta géèmù. Géèmù títa kì í jẹ ju 1 tàbí 2 lọ, ohun tó ń fẹ́ ni kí ìsọfúnni tètè lọ kó tètè bọ̀, kì í ṣe kó pọ̀. Ẹ fi 3 kún un fún àwọn fóònù tó ń gba WhatsApp láìdáwọ́ dúró. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 24. Ìyẹn nígbà tí gbogbo wa wà nílé, tí gbogbo wa ń lò ó lẹ́ẹ̀kan náà o! Ìpele 50 gba gbogbo wa, àyè á tún ṣẹ́ kù fún àlejò. Ká tiẹ̀ ní tẹlifíṣàn mẹ́rin ń fi 4K hàn nílé mi nígbà kan náà, 60 ni. Kí ni mo wá ń fi 940 tó kù ṣe? Mo ń fi wo ojú lánlọ́ọ̀dù ilé kejì ni!

Nǹkan mìíràn tún wà tí ọmọ olówó-táì yẹn ò sọ fún mi. Bí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ṣe ń gbé fáíbà wọlé ni pé okùn kan ṣoṣo ló máa wá láti ọ́fíìsì wọn, wọ́n á wá pín in sí ilé 32 tàbí 64 ládùúgbò. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ wọn, GPON lorúkọ ẹ̀, ohun tí okùn kan ń gbé bọ̀ kò ju nǹkan bíi 2,500 Mbps lọ, bíi 1,250 ló sì lè gbé padà. Ẹ pín 2,500 sí ilé 32, ẹ wò ó bóyá ó kan gìgá kan ilé kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe olè ni wọ́n ń jà o, torí gbogbo ilé kì í lò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé àwọn gan-an mọ̀ pé a ò ní í lo ohun tá a rà? Ìmọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń ṣòwò.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Bàbá Ìbejì, ìwọ ò fẹ́ ká tẹ̀ síwájú ni." Rárá o. Mo rántí ibi tá a ti ń bọ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni MTN àti Econet gbé fóònù alágbèéká dé fún wa. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ẹ́ rí íntánẹ́ẹ̀tì, sàíbà-kafé ló ń lọ, á sanwó wákàtí kan. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba orí wáyà tẹlifóònù nígbà náà, 56 kilobíìtì ni òté ẹ̀, ìyẹn ni pé 50 Mbps fi nǹkan bí ọ̀nà 900 yára jù ú lọ. Bí ẹ̀gbọ́n ẹni bá fi fọ́tò ìyàwó ẹ̀ ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó, orí ló kọ́kọ́ máa ń yọ, gèlè, iwájú orí, ojú, kó tó dé ọrùn, wákàtí tá a sanwó ẹ̀ ti tán. A ò wá mọ̀ bóyá ìyàwó náà sanra tàbí ó tínrín. Nítorí náà, mi ò sọ pé 50 ló máa tó wa títí ayé. Ohun tí mo ń sọ ni pé kéèyàn ra ohun tó ń jẹ lónìí, tí ebi bá tún dé lọ́la, ọjà ò ní í kúrò níbẹ̀. Fáíbà tó ti wọlé, iléeṣẹ́ lè gbé ìsáré ẹ̀ sókè láti ọ́fíìsì wọn láìfọwọ́ kan wáyà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn ìjọba gan-an kà sí ohun tó tó. Nínú ètò tí ìjọba Nàìjíríà ṣe fún ọdún 2020 sí 2025, wọ́n ní ó kéré tán, kí ará ìlú ńlá ní 25 Mbps, kí ará oko ní 10. Ní Britain, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí bí ewé, òfin tó bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹta ọdún 2020 sọ pé ilé tí kò bá ní 10 Mbps, tí ohun tó ń fi ránṣẹ́ síta kò sì tó 1, lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún un. Ní Amẹ́ríkà, oṣù Kẹta ọdún 2024 ni àjọ tó ń mójú tó o gbé tiwọn sókè láti 25 sí 100, tí wọ́n sì ní kí ti ìfiránṣẹ́ jẹ́ 20. Amẹ́ríkà olówó nìyẹn o, ìdá mẹ́wàá ohun tí wọ́n tà fún èmi ará Èkó ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní London, òun náà ní 900 ni wọ́n tà fóun. Mo ní ẹni mélòó ló wà nílé wọn. Ó ní òun àti ìyàwó òun ni, àwọn ọmọ ti lọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ̀gbọ́n, ọmọ ìyá ni wá lóòótọ́.

Kí ló wá ń dà wá láàámú gan-an, bí kì í bá ṣe ìsáré? Àkọ́kọ́, iná. Okùn fáíbà tó gba títì kọjá, ìmọ́lẹ̀ inú dígí tín-ín-rín ni, kò nílò iná mànàmáná lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àpótí kékeré tó wà nínú ilé àti ráútà nílò ẹ̀. Kódà ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí Band A, tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 lóòjọ́ fún lọ́dún 2024, wákàtí mẹ́rin tó ṣẹ́ kù yẹn lè bọ́ sórí ìpàdé yín. Ìkejì ni ibi tá a gbé ráútà sí. Ìkẹta ni àwọn tó ń gbẹ́ títì. Katakata kan ṣoṣo tó ń ṣe gọ́tà lè já okùn tí ẹgbẹ̀rún ilé ń lò. Tiwa já lọ́jọ́ kan, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko la fi wà bẹ́ẹ̀, owó oṣù ò sì dín. Gìgá kan tó já àti 20 tó já, ọgbọọgba ni wọ́n, òdo ni méjèèjì.

Ìkẹrin tiẹ̀ wà lábẹ́ òkun. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2024, ẹ ò ní í gbàgbé. Àwọn okùn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ lábẹ́ òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abidjan ní Côte d'Ivoire. Báǹkì Nàìjíríà ò lè ṣiṣẹ́ dáadáa, owó táwọn èèyàn fi ránṣẹ́ ò lọ, ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó tún gbogbo ẹ̀ ṣe tán. Ẹni tó ń san gìgá kan lọ́jọ́ yẹn ò sàn ju aládùúgbò ẹ̀ tó ń san 20 lọ. Iléeṣẹ́ tó ní ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ, bíi okùn Equiano ti Google tó gúnlẹ̀ sí Èkó nínú oṣù Kẹrin ọdún 2022, àwọn oníbàárà ẹ̀ ló rójú díẹ̀. Ẹ ò wá rí i pé ohun tó yẹ kéèyàn béèrè kì í ṣe "báwo ló ṣe yára tó?" bí kò ṣe "bí ibì kan bá já, ibo lẹ máa gbà?"

Ṣùgbọ́n mi ò ní í parọ́ mọ́ wọn. Àwọn kan wà tí ìsáré ńlá tọ́ sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń gbé ní ilé kẹta sí wa, fídíò ìgbéyàwó ló ń yà, ló sì ń tò. Iṣẹ́ ọjọ́ kan lè tó GB 50, ó sì gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà. Bí ohun tó fi ń ránṣẹ́ bá jẹ́ 20 Mbps, wákàtí márùn-ún ààbọ̀ ni. Bó bá jẹ́ 500, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ò pé. Owó ńlá tí ìyẹn ń san, irinṣẹ́ ló fi rà. Bákan náà ni ilé ìwé, ilé ìwòsàn, tàbí ilé oníyàrá méjìlá tí gbogbo ayálégbé jọ dáwó fa ẹyọ kan. Ìyẹn gan-an bọ́gbọ́n mu. Bí ilé méjìlá bá jọ san owó 200, èyí tó máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lè kéré sí dátà orí fóònù ẹ̀.

Èmi ò sì sọ pé fáíbà ò dáa o. Ohun rere ni. Netflix ní fíìmù tó mọ́ dáadáa lè jẹ GB mẹ́ta ní wákàtí kan, pé 4K lè jẹ méje. Ẹni tó bá fi dátà fóònù wò ó, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n gbà káwọn iléeṣẹ́ fi ìdá àádọ́ta lé owó wọn nínú oṣù Kìíní ọdún 2025, á lọ ta bàtà ni. Fáíbà tí wọn ò ka dátà ẹ̀ ló sàn fún ilé tí èèyàn pọ̀ sí. Ìpele ẹ̀ tó ga jù lọ nìkan ni mò ń bá jà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára rèé. Lọ́dún 2024 ni ìjọba kéde N70,000 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù. Ká ní N25,000 ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìpele tó tó wa àti èyí tá a fi ń ṣe fọ́rífọ́rí. Lọ́dún kan, N300,000 nìyẹn, owó oṣù mẹ́rin òṣìṣẹ́ yẹn, ó tún lé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìgboro púpọ̀ wà tí okùn kan ò tíì dé rárá, ká má tíì sọ abúlé. Àtọdún 2013 ni ìjọba àpapọ̀ àtàwọn gómìnà ti fẹnu kò pé N145 ni kí ìpínlẹ̀ máa gbà lórí mítà kan lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ẹ́ ri fáíbà, àmọ́ àwọn ìpínlẹ̀ kan ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Lọ́dún 2020 ni Káyọ̀dé Fáyẹmí, tó jẹ́ gómìnà Èkìtì nígbà náà, tó já tiwọn wálẹ̀ sí N145. Lọ́dún 2024, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ri okùn 90,000 kìlómítà kún èyí tó wà nílẹ̀. Ariwo tó yẹ ká máa pa nìyẹn: kó dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn, kó má máa já. Kì í ṣe kí ilé kan ní 1,000 kí àdúgbò kejì ní òdo.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, bí ọmọ olówó-táì bá kanlẹ̀kùn yín, ẹ fún un lómi mu, kẹ́ ẹ wá bi í ní ìbéèrè márùn-ún. Èló ni ìsáré tí mo máa fi ránṣẹ́, kì í ṣe èyí tí mo máa fi gbà nìkan? Ṣé ẹ máa fà mí sẹ́yìn bí mo bá lò ó dé ibì kan lóṣù? Bó bá já, ọjọ́ mélòó lẹ fi ń tún un ṣe? Ṣé ẹ máa yọ owó ọjọ́ tó fi já kúrò? Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kékeré, ṣé mo lè gòkè nígbà tó bá wù mí? Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò tó ti ń lò ó, kì í ṣe láti fara wé e, láti bi í bó ṣe rí nírọ̀lẹ́ tí gbogbo èèyàn bá wà nílé.

Èmi ti sọ̀ kalẹ̀ sí 50. Mo gbé ráútà kúrò lórí wọ́dúróòbù, àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà báyìí, lókè, níbi tí ojú gbogbo yàrá ti tó o. Owó tó ṣẹ́ kù lóṣù àkọ́kọ́ ni mo fi ra bátìrì kékeré kan tí wọ́n ṣe fún ráútà. Ráútà kì í jẹ iná púpọ̀, bátìrì yẹn máa ń gbé e fún wákàtí mélòó kan bí nẹ́pà bá lọ. Èyí tó kù, a fi kún owó ilé ẹ̀kọ́ Ìdòwú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iléeṣẹ́ mìíràn tún fọ̀rọ̀ wá Táyé lẹ́nu wò lórí fídíò. Yàrá ẹ̀yìn yẹn náà ló jókòó sí. Nẹ́pà múná lọ láàárín ọ̀rọ̀, gbogbo ilé ṣókùnkùn, àmọ́ ráútà ń wò wá ròrò látorí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé iná lọ. Ìyá ẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́, ó gbójú sókè, ó wò mí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, kí la sọ níjọ́sí?"

A ṣì ń retí èsì wọn. Ẹ bá wa fi sádùúrà. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.